Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Idà Àtijọ́ Tó Jáde Láti Inú Odò

Nínú ìwé ìròyìn wa tó kọjá, a mẹ́nu ba idà kan tí wọ́n rí nínú odò Witham, nítòsí ìlú Lincoln ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lóṣù Keje ọdún 1825. Idà ọ̀hún wà ní British Museum títí di òní. Kò pẹ́ tí lẹ́tà yín bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Èyí tó jẹ́ kánjúkánjú la kọ́kọ́ mú.

Ìyá kan, Nottingham: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin so òòfà mọ́ okùn, ó sì fi fa irin gígùn kan jáde lábẹ́ afárá lánàá. Irin kan dábùú rẹ̀ níbi ọwọ́, ó jọ idà gan-an. Ó ti gbé e wálé, inú ọ̀rá ló wà, ó ṣì tutù. Ó ní òun máa fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á, òun á sì rẹ ẹ́ sínú fíníígà. Ṣé kí n gbà fún un?

A ti fèsì sí màmá yìí lójú ẹsẹ̀. Nítorí ẹlòmíràn la ṣe tẹ èsì náà síbí. Rárá o, mà. Ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí fíníígà sì padà sí ilé ìdáná.

Irin tó ti lo ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan nínú ẹrẹ̀, apá kan rẹ̀ ti di ìpáàrà. Ojú tí alágbẹ̀dẹ fi òòlù lù, tó sì dán, àárín ìpáàrà yẹn ló wà báyìí, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ha á títí tó fi kan ibi tó ń kọ mànà ti ha ojú idà dànù kọjá. Lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i á bá a lọ, àmì alágbẹ̀dẹ á bá a lọ, títí kan ipa awọ àkọ̀ àti igi èkù tó ti lẹ̀ mọ́ ìpáàrà. Fíníígà tilẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ásíìdì inú rẹ̀ ń wọ ihò wẹ́wẹ́, ó ń jẹ irin tó ṣẹ́kù nínú, kò sì ṣeé fọ̀ jáde tán.

Kó má gbẹ ni àkọ́kọ́. Omi ibi tó ti jáde ló dára jù. Bí kò bá sí, omi ẹ̀rọ ṣeé lò fún ọjọ́ díẹ̀. Ẹ wá ohun gígùn tí ẹ máa tẹ́ ẹ sí, ṣùgbọ́n ẹ wọn irin ìdábùú rẹ̀ kí ẹ tó wá a, ẹ má wọn gígùn nìkan. Ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Idà Witham gùn ní mílímítà 964, ìdábùú èkù rẹ̀ sì fẹ̀ ní mílímítà 165. Ike tí òjò ń gbà ṣàn létí òrùlé, tí wọ́n máa ń sáré mú, kò ní gbà á. Wọ́n á wá máa fi ipá tì í wọlé títí igun kan á fi kán. Ẹ kan pákó pọ̀ bí àpótí, kó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 gùn ju idà lọ lórí àti nídìí. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sínú rẹ̀ ní ìlọ́po méjì, kí fóòmù wà lórí ọ̀rá, kí idà wà lórí fóòmù. Ẹ má fi èkù gbé e rárá, nítorí irin tó gba inú èkù kọjá lè ti sán. Ẹ ti pákó pẹlẹbẹ bọ abẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìdí, kí ẹni méjì jọ gbé e.

Kí omi bò ó dáadáa, kí ẹ ká ọ̀rá lé e kí afẹ́fẹ́ má fi bẹ́ẹ̀ ráyè, kí ẹ sì gbé e síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn. Kó má di yìnyín o. Ẹ má lo ọpọ́n bàbà tàbí ti irin, torí bí irin oríṣi méjì bá fara kanra nínú omi, ọ̀kan nínú wọn á máa yára jẹ.

Bó bá ti gbẹ kanrin kí èsì wa tó dé, ẹ má tún rẹ ẹ́ sómi. Kó máa gbẹ, kó tún máa rin, ìyẹn gan-an ló ń là á. Inú àpótí ike tó lé dáadáa ni kó wà, pẹ̀lú silica gel, àwọn àpò kékeré tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà tuntun. Àpò méjì mẹ́ta kò lè ṣe nǹkan kan. Bí idà bá wọn kílò kan, ẹ wá kílò kan silica gel.

Ẹ fi rúlà lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ọmọ yín sì kọ ibi tó ti fà á jáde gan-an sílẹ̀: apá wo nínú afárá, báwo ni omi ṣe jìn tó, ṣé ẹrẹ̀ ni àbí òkúta wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ọjọ́ tó ṣú, ẹ pe Finds Liaison Officer àgbègbè yín, òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkọsílẹ̀ ohun àtijọ́ tí aráàlú bá rí. Abẹ́ Portable Antiquities Scheme, tí British Museum ń bójú tó, ni wọ́n wà. Wọn kì í gba owó.

Olùkọ́ kan, Ìbàdàn: Àdá tí òjò pa lóko máa ń dógùn-ún kí ọ̀sẹ̀ tó yí po. Kí ló dé tí idà fi wà nínú omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan tí kò jẹ tán? Àwọn ọmọ kíláàsì mi kò gbà.

Àwọn ọmọ yín gbọ́n. Omi nìkan kọ́ ló ń sọ irin di ìpáàrà. Omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é, àdá tí òjò pa sì ń rí méjèèjì gbà. Bí idà bá rì wọnú ẹrẹ̀ alámọ̀ nísàlẹ̀ odò, àwọn kòkòrò àìrí tó ń jẹ ewé àti igi jíjẹrà ti lo ọ́síjìn ibẹ̀ tán. Irin ṣì ń jẹ níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí idà inú ẹrẹ̀ fi máa ń jáde ní dúdú, tí etí rẹ̀ á ṣì hàn ketekete. Èyí tó wà nínú òkúta wẹ́wẹ́, níbi tí omi ti ń ṣàn gbùúrù, máa ń pupa rúsúrúsú, yanrìn á sì ti họ ọ́ tín-ín-rín. Nígbà mìíràn ẹ ó rí ìyẹ̀fun aláwọ̀ búlúù lára ti inú ẹrẹ̀. Vivianite nìyẹn, irin àti fọ́sífétì inú odò ló para pọ̀ dá a. Ẹ má nù ún kúrò.

Wàhálà gidi ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí idà bá kúrò lómi. Ní gbogbo ọdún yẹn, kíloráìdì, ìyẹn apá kan nínú iyọ̀, ti rọra wọ inú ìpáàrà títí dé ibi tó ti kan irin. Omi odò kò níyọ̀ tó òkun, ṣùgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan kì í ṣe kékeré, odò bíi Thames ní London sì wà tí omi òkun ń wọ inú rẹ̀. Bí idà ṣe ń gbẹ, ìpáàrà ń là, ọ́síjìn ń gba ojú ìlà wọlé, ó ń bá irin àti kíloráìdì nínú. Ìpáàrà tuntun á wá máa hù láàárín irin àti ìpáàrà àtijọ́. Akaganeite ni wọ́n ń pè é, ó sì ń gba àyè ju irin tó ti wá lọ, nítorí náà á máa ti ìpáàrà òkè jáde ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, ẹ lè má rí nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, ìlà gbọọrọ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí idà, omi aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú á máa ro jáde ní kíkán-kíkán. Bó bá ti dé ibẹ̀, èyí tó bá já bọ́ ti lọ nìyẹn.

Ẹ lè fi ìṣó mẹ́ta hàn wọ́n. Ẹ fi ìkíní sínú ìgò, ẹ da omi tí ẹ sè tí ẹ sì jẹ́ kó tutù kún un dé ọrùn, ẹ da òróró díẹ̀ lé e. Ìkejì wà nínú omi lásán tó dé ìdajì ìṣó, ìkẹta nínú omi oníyọ̀ tó dé ìdajì bákan náà. Kí wọ́n wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan.

Òǹkàwé kan, London: Ṣé òótọ́ ni pé ọfọ̀ ni wọ́n kọ sára idà Witham? Bàbá mi ní irú idà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe lásán.

Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyí: +NDXOXCHWDRGHDXORVI+. Lẹ́tà 18 ni, àgbélébùú kan ṣíwájú, òmíràn kẹ́yìn, waya wúrà ni wọ́n sì fi ṣe é. Nígbà tí British Library gbé idà náà síbi ìpàtẹ Magna Carta, ìwé òfin àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2015, wọ́n ké sí gbogbo ayé pé kí wọ́n bá àwọn tú u. Èsì rọ́ wọlé, kò sì sí èyí tí gbogbo onímọ̀ fẹnu kò lé lórí. Èyí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni pé Látìn ni, tí wọ́n mú lẹ́tà kan tàbí méjì nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. ND lè jẹ́ Nomine Domini, ìyẹn "ní orúkọ Olúwa". X sì ni àwọn Kristẹni ìgbà yẹn máa ń kọ dípò orúkọ Kristi. British Museum fi idà náà sí àárín ọdún 1250 sí 1330, wọ́n sì rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti rọ ojú rẹ̀.

Bàbá yín kò jìnnà sóòótọ́. Ọmọ ogun tó fi orúkọ Olúwa sára ohun ìjà, ààbò ló ń wá. Àwa kò ní pè é ní ọfọ̀ ṣá. Ó sún mọ́ tírà jù.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí ó kan ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì tó wà lókè. Alágbẹ̀dẹ á fi irin mímú gbẹ́ ojú lẹ́tà sínú idà, á tẹ́ waya wúrà sínú ibi tó gbẹ́, á fi òòlù kékeré lù ú títí á fi kún ibẹ̀, á wá fi òkúta dán an. Wúrà rọ̀, ó sì dì mọ́ ojú irin lásán. Bí ojú yẹn bá ṣí, wúrà bá a ṣí. Síbẹ̀, wúrà sàn, ojú lè rí i. Àwọn idà tí wọ́n kọ orúkọ Ulfberht sí, tí wọ́n rọ láàárín nǹkan bí ọdún 800 sí 1000, tí nǹkan bí 170 wọn ti jáde káàkiri Yúróòpù, irin ni wọ́n fi kọ orúkọ sára irin. Wọ́n fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ sínú ojú idà nígbà tó gbóná pupa, wọ́n sì lù wọ́n mọ́ra. Bí méjèèjì bá dógùn-ún, àwọ̀ kan náà ni wọ́n ń ní, ẹ̀rọ X-ray ló sábà máa ń fi lẹ́tà hàn. Ọ̀kan irú rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nígbà tí wọ́n ń kó ẹrẹ̀ kúrò ní èbúté Włocławek, létí odò Vistula ní Pólàǹdì. Ayédèrú wà láàárín wọn pẹ̀lú, torí ayédèrú ọjà kò bẹ̀rẹ̀ lónìí: ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n kọ +VLFBERH+T sí ní irin tó ní kábọ́ọ̀nù tó pọ̀, tó le dáadáa, nígbà tí ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n gbé àgbélébùú kejì sí ìparí, +VLFBERHT+, kò dára tó bẹ́ẹ̀.

Òǹkàwé kan, Àkúrẹ́: Ṣé lóòótọ́ ni pé idà ìgbà náà wúwo débi pé alágbára nìkan ló lè gbé e?

Irọ́ ni. Ti Witham kò ju kílò 1.2 lọ, ìgò omi lítà kan àtààbọ̀ wúwo jù ú lọ. Idà ọlọ́wọ́ kan ìgbà náà sábà máa ń wà láàárín kílò 1 sí 1.5. Alágbẹ̀dẹ máa ń la kòtò gbọọrọ sí àárín ojú idà kó lè fúyẹ́ láìrọ̀, irin róbótó tó wà lórí èkù sì ń bá a dọ́gba kó má baà fà síwájú.

Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta: Kí ló ń gbé idà dé inú odò tó bẹ́ẹ̀? Ṣé ẹbọ ni?

Òmíràn jẹ́ ẹbọ. Òmíràn bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sọdá níbi tí omi ò ti jìn, tàbí níbi ìjà orí afárá. Òmíràn jẹ́ ẹrù tó rì: nínú odò Dordogne ní ilẹ̀ Faransé, nítòsí Castillon tí wọ́n ti jagun lóṣù Keje 1453, nǹkan bí 80 idà ló jáde láàárín ọdún 1970 sí 1979, èrò ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì ni pé inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti rì. Odò fúnra rẹ̀ tún máa ń yí ipa padà, ó ń jẹ etí ilẹ̀, ohun tí wọ́n sin sórí ilẹ̀ gbígbẹ á wá bá ara rẹ̀ nínú omi.

Ti Witham ló yàtọ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀sìn Kristi kò tíì dé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ju ohun ìjà iyebíye sínú odò náà. Apata olókìkí kan tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1826 ti wà ṣáájú idà yìí ní èyí tó lé ní 1,500 ọdún. Àwọn onímọ̀ kan ṣàkíyèsí pé ohun ìjà tó jáde níbẹ̀, títí kan ti ìgbà tí gbogbo ìlú ti di Kristẹni, máa ń pọ̀ nítòsí àwọn ọ̀nà tí wọ́n fi ilẹ̀ gbé sókè la àbàtà kọjá, tí ọ̀pọ̀ wọn lọ sí ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta ò ní ka ìyẹn sí nǹkan ìyanu. Àmọ́ lórí idà ẹyọ kan, a ò lè fi ìdánilójú sọ pé wọ́n jù ú ni tàbí ó bọ́, àfi bí a bá mọ ibi tó wà gan-an, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti bóyá inú àkọ̀ ló wà tàbí wọ́n ti mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá fi òòfà fà á jáde lójijì ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ rẹ́.

Òǹkàwé kan, Houston: Mo máa ń fi bátìrì mọ́tò àti omi sódà ìfọṣọ yọ ìpáàrà lára irinṣẹ́ àtijọ́, wọ́n sì máa ń jáde dáadáa. Kí ló dé tí kò fi yẹ kí n lò ó fún idà?

Nítorí pé irin inú àáké àti sípánà yín ṣì pé. Bí iná bá ń gba inú irin, háídírójìn á máa hó lójú irin lábẹ́ ìpáàrà, á sì máa ti ìpáàrà dànù. Lára irinṣẹ́, ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Lára idà 700 ọdún, ohun tó ń tì dànù ni ojú idà. Etí méjèèjì lè máà ní irin kankan mọ́, kó jẹ́ ìpáàrà pátápátá. Wọ́n á ṣubú sínú omi, igi gbọọrọ oníhò-oníhò kan lẹ ó sì fà jáde. Àwọn ilé ìtọ́jú ohun àtijọ́ máa ń lo iná fún ìbọn àgbá tó ti inú òkun jáde, ìyẹn nípọn, iná tí wọ́n ń lò kéré, ó sì lè gba oṣù tàbí ọdún.

Fún idà, X-ray ló ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó mọṣẹ́ á jókòó sídìí maikirosíkóòpù pẹ̀lú abẹ kékeré, àti ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìyẹ̀fun líle jáde lẹ́nu tín-ń-tín, á máa yọ yanrìn àti ìpáàrà òde títí á fi kan ìpele tó dúdú tó sì le ju ti òde lọ. Ibẹ̀ ni ojú idà wà, ibẹ̀ ló ti ń dúró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yọ kíloráìdì. Kọ́sítíìkì sódà, tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ mọ̀ dáadáa, ni wọ́n ń lò: gíráàmù 20 sínú lítà omi kan, pẹ̀lú gíráàmù 63 sodium sulphite tí yóò mú ọ́síjìn inú omi náà kúrò. Ilé ìtọ́jú mìíràn ń lo èyí tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíráàmù 4 àti 6.3. Wọ́n á dé e pa, àwọn kan á mú un gbóná tó 60 °C. Wọ́n á máa pààrọ̀ omi, wọ́n á sì máa wọn kíloráìdì tó jáde títí kò fi ní pọ̀ sí i mọ́. Oṣù mélòó kan ni. Bí igi, awọ, òjé tàbí tánganran bá wà lára èkù, wọn kì í lò ó bẹ́ẹ̀, nítorí kọ́sítíìkì sódà á jẹ wọ́n run. Ìdí nìyẹn tí a ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò nílé, yàtọ̀ sí pé ó lè bó ni lára, ó sì lè fọ́ni lójú.

Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á fi Paraloid B-72, oje kan tó ń dì bí ike, tí wọ́n yọ́ sínú acetone kùn ún fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ìda. Kíkùn yẹn kì í dí ìpáàrà lọ́nà títí. Àpótí gbígbẹ ló ń dá a dúró: ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 15 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nílùú tí ọ̀rinrin pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ rẹ̀ bíi Houston, silica gel á tètè mu omi yó. Ẹ ra èyí tó ń pa àwọ̀ dà. Bí aláwọ̀ ọsàn bá ti di àwọ̀ ewé, ẹ gbé e sínú ààrò ní 110 °C di àárọ̀.

Òǹkàwé kan, Birmingham: Bí mo bá rí i, ṣé tèmi ni? Èló ni?

Ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ odò kí ẹ tó béèrè owó. Gẹ́gẹ́ bí òfin Treasure Act ti 1996 tó de England, Wales àti Northern Ireland, ohun tó ti lé ní 300 ọdún, tí wúrà tàbí fàdákà kó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, ló ń jẹ́ ìṣúra. Fún idà kílò 1.2, ìyẹn gíráàmù 120 wúrà, waya lẹ́tà kò sì lè dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n láti 30 Oṣù Keje 2023, wọ́n fi ẹ̀ka kan kún un: ohun onírin tó ti lé ní 200 ọdún, tó sì ṣe pàtàkì lọ́nà àrà ọ̀tọ̀ sí ìtàn. Idà lè bọ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí ohun tó lè jẹ́ ìṣúra ní ọjọ́ 14 láti sọ fún coroner, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìṣúra. Bí mùsíọ́mù bá rà á, ẹni tó rí i àti onílẹ̀ ló sábà ń pín owó náà; ẹni tó wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ lè pàdánù tirẹ̀. Létí Thames ní London, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ Port of London Authority kí ẹ tó wá ohunkóhun. Canal & River Trust, àjọ tó ń bójú tó odò àti ipa omi, kò gba òòfà láàyè rárá nínú omi tiwọn, nítorí ìtàn àti nítorí bọ́ǹbù ogun àgbáyé tó ṣì wà nísàlẹ̀. Idà kan ti àwọn Viking, jagunjagun àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, tí wọ́n fi òòfà fà jáde nínú odò Cherwell ní Oxfordshire ní 2023 ti wà lọ́wọ́ mùsíọ́mù báyìí. Ní Scotland, gbogbo rẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ fi han Treasure Trove Unit, ìbáà jẹ́ irin lásán.

Òǹkàwé kan, Ṣàgámù: Bó bá jẹ́ nínú odò tiwa ńkọ́?

Ìtọ́jú kan náà ni: omi, ọ̀rá, pákó, kí ẹ má ha á. National Commission for Museums and Monuments ni òfin 1979 fún ní àṣẹ lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà, ẹ mú fọ́tò àti àkọsílẹ̀ ibi tó ti jáde lọ sí mùsíọ́mù wọn tó sún mọ́ yín jù, ní Abẹ́òkúta. Ẹ má gbé e gba ibodè kọjá láìní ìwé àṣẹ wọn.